Àkùkọ Bantam Mẹ́rin tí A Ò Retí: Bí Mo Ṣe Wádìí Ẹ̀yà Wọn

Òròmọdìẹ bantam, ìyẹn irú adìẹ tí kì í tóbi, mẹ́fà la rà, mẹ́rin nínú wọn já sí akọ. Ìlú kékeré tí à ń gbé lẹ́bàá Houston, ní Texas, gbà kí èèyàn sin abo adìẹ díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, àmọ́ òfin wọn kò gba àkùkọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kúrò nílé nìyẹn. Ẹni tó bá sì ń wá ilé fún àkùkọ tí kò mọ ẹ̀yà rẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń bá a wá. Bí ẹ bá kọ ọ́ síta pé "àkùkọ kékeré, ọ̀fẹ́ ni", àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ nìkan ló máa pè yín. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "Golden Sebright, akọ, ọmọ oṣù méje", àwọn tó ń sin ẹyẹ fún ìfihàn á máa bèèrè bóyá ó ṣì wà. Ìdí tí mo fi jókòó ti iṣẹ́ yìí nìyẹn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí irú rẹ̀ bá máa ṣẹlẹ̀ sí.

1. Bí wọ́n ṣe dé ilé wa

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àrùn H5N1 ti run adìẹ rẹpẹtẹ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta, ẹyin méjìlá ti di dọ́là 6.23 ní ìpíndọ́gba. Kálukú ló ń wá adìẹ tí yóò máa yé fún òun nílé. Ká tó dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, wọ́n ti kó gbogbo àwọn tí wọ́n ti ṣà ní abo lọ. Ọpọ́n kan ṣoṣo ló kù lábẹ́ iná, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára: "Assorted Bantams, Straight Run". Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni, akọ àti abo sì wà pọ̀ níbẹ̀, ẹni tó bá rà á, kó gba ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́.

Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ihò ìdí òròmọdìẹ ni àwọn tó mọṣẹ́ máa ń wò láti mọ akọ lọ́jọ́ tó jáde nínú ẹyin. Bantam kéré jù fún irú àyẹ̀wò yẹn, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pamọ tà kì í ṣà á rárá.

Ṣọ́ọ̀bù náà kì í ta ohun tó bá dín ní mẹ́fà. Dọ́là 4.49 ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ní, "Kò burú, mẹ́ta á ṣáà jẹ́ abo." Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n bí akọ àti abo bá tilẹ̀ dọ́gba nínú ọpọ́n, ọ̀nà 64 ni mẹ́fà lè gbà bọ́ síni lọ́wọ́, 22 nínú rẹ̀ ló sì máa fúnni ní akọ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tó ṣe wá kò ṣọ̀wọ́n.

2. Bí akọ ṣe fara hàn

Nígbà tí wọ́n fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ogbe orí mẹ́ta nínú wọn ti ń pọ́n, ẹsẹ̀ wọn sì nípọn ju ti àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn oṣù kẹta, ìyẹ́ ẹnu ṣóńṣó tó ń dán bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní ọrùn àti ìbàdí wọn. Ìyẹ́ ìbàdí yẹn ni ẹ̀rí tó dájú, nítorí ti abo máa ń rí roboto lẹ́nu.

Ẹ̀kẹrin ò fún wa ní àpẹẹrẹ kankan. Ìyẹ́ rẹ̀ rí roboto látòkè délẹ̀, ìrù rẹ̀ kò tẹ̀ kọdọrọ, ara rẹ̀ sì rẹwà. A ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé òun ló máa kọ́kọ́ yé. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gun orí ìgò omi wọn, ó na ọrùn, ó sì kọ. Ohùn rẹ̀ há, ó kúrú, ṣùgbọ́n aládùúgbò gbọ́ ọ.

Màámi rí wọn lórí WhatsApp láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní, "Àkùkọ wo lèyí tí kò ju ẹyẹlé lọ? Ṣé ẹ kì í fún wọn lóúnjẹ ni?"

Mo ní, "Màámi, bí wọ́n ṣe máa tóbi tó náà nìyẹn. Bantam ni."

Nígbà tí mo gbé èyí tó pupa tó sì láyà dúdú sún mọ́ fóònù, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, adìẹ ilé wa kọ́ nìyí?" Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a ń bọ̀ wá bá a.

3. Irinṣẹ́

Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù, a ti ní in tẹ́lẹ̀. Abọ́ ike jínjìn kan àti tówẹ̀lì. Téèpù ìránṣọ. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì funfun kan tó ti gbó. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí, dọ́là 11; má ṣe rò pé tọ́ọ̀ṣì fóònù tó, nítorí ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi di ẹyẹ mú. Òrùka ẹsẹ̀ aláwọ̀ mẹ́rin, dọ́là 6.50. Ìwé àti bírò.

Òrùka tó wà fún bantam ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti adìẹ ńlá, nítorí ìyẹn á bọ́ dànù. Ẹ sì máa wò ó lóòrèkóòrè: ẹsẹ̀ àkùkọ tó ṣì ń dàgbà máa ń nípọn sí i, òrùka tó fẹ̀ lónìí lè máa gé e lẹ́sẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo fi òrùka pe orúkọ wọn nínú ìwé: Pupa, Búlúù, Funfun àti Ìyeyè.

4. Mímú wọn àti wíwọ̀n wọn

Ẹ má lé bantam kiri lọ́sàn-án. Wọ́n lè fò ga ju ọgbà lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni Pupa ti sùn sórí igi aládùúgbò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí wọ́n ti wọ̀, kò sí èyí tó máa sá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e láti abẹ́ àyà, kí ìka méjì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ kejì bo ìyẹ́ apá rẹ̀ mọ́ ara.

Alẹ́ ni mo kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n, ìwọ̀n yẹn ò wúlò. Àpò oúnjẹ tó wà lọ́rùn wọn ti kún fọ́fọ́, èyí tó jẹun jù ló wúwo jù. Nígbà tí mo tún un ṣe ní ìdájí, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan kan, Búlúù fi ohun tó lé ní 40 gíráàmù fúyẹ́ ju bó ṣe wà lálẹ́ lọ. Lára ẹyẹ tí kò tó kílò kan, 40 gíráàmù lè gbé èèyàn kúrò lórí ẹ̀yà kan bọ́ sórí òmíràn. Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é rèé: ẹ gbé abọ́ ka orí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ gbé ẹyẹ sínú abọ́, ẹ fi tówẹ̀lì bò ó lórí. Bó bá ti ṣókùnkùn lójú rẹ̀, á dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni mo ṣe kọ gbogbo rẹ̀: iye ìka ẹsẹ̀, bóyá ìyẹ́ wà lẹ́sẹ̀, àwọ̀ ìpẹ́ ẹsẹ̀, àwọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀, ogbe, àwọ̀ ẹran etí, irùngbọ̀n, bí ìrù ṣe rí, ìwọ̀n. Àwọ̀ ìyẹ́ ni mo fi ṣe ìgbẹ̀yìn, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀. Ohun tó jáde rèé nígbà tí wọ́n pé oṣù méje:

Pupa: 640 gíráàmù. Ìka mẹ́rin. Ẹsẹ̀ lásán, ìpẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹni tó pọ́n díẹ̀. Ogbe ẹyọ kan tó dúró gbagidi, eyín márùn-ún. Ẹran etí pupa. Kò ní irùngbọ̀n. Ìyẹ́ rẹ̀ le, ó kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara pinpin.

Búlúù: 710 gíráàmù. Ìka mẹ́rin. Ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ títí dé orí ìka, òmíràn sì tún nà jáde gbọọrọ lẹ́yìn oríkèé. Ogbe ẹyọ kan. Irùngbọ̀n ńlá tó bo ẹran etí mọ́lẹ̀.

Funfun: 600 gíráàmù. Ìka mẹ́rin. Ẹsẹ̀ lásán, àwọ̀ eérú tó ṣú. Ogbe tó fẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ orí, tí kókó wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀, tó sì yọ ẹnu ṣóńṣó kan sẹ́yìn. Òun lẹni tó fi ara rẹ̀ pe abo.

Ìyeyè: 860 gíráàmù. Ìka mẹ́rin. Ẹsẹ̀ lásán, àwọ̀ ewé tó ṣá. Àtẹ́lẹsẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹni pé wọ́n ta epo díẹ̀ sí i. Ogbe kúkúrú tó pín sí ìlà mẹ́ta. Ìyẹ́ wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

5. Ohun tí kò ṣiṣẹ́

Kí n tó ṣe gbogbo èyí, fọ́tò ni mo gbójú lé. Mo ya Pupa láti òkè, pẹ̀lú iná fóònù, mo sì gbé e fún áàpù kan tó ń fi fọ́tò dá ẹyẹ mọ̀. Ó fún mi ní orúkọ kan. Mo gbé fọ́tò mìíràn ti ẹyẹ kan náà fún un, ó fún mi ní orúkọ mìíràn. Ìkẹta, ó ní ẹyẹ igbó ilẹ̀ Éṣíà ni.

Fọ́tò tó dára ń ranni lọ́wọ́, bí wọ́n bá yà á dáadáa. Ẹ ta ṣíìtì funfun sẹ́yìn ẹyẹ, ní ibòji, láàárọ̀. Ẹ lóṣòó kí fóònù ga dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá ya orí lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀. Fọ́tò ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yà, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹni tó mọ̀ nípa bantam máa ń kọ́kọ́ bèèrè.

Àwọ̀ ló tan áàpù yẹn jẹ, àwọ̀ náà ló tan Màámi jẹ. Àyà dúdú, ọrùn wúrà, ẹ̀yìn pupa, ìrù dúdú tó ń dán: aṣọ ẹyẹ igbó tí gbogbo adìẹ ti ṣẹ̀ wá nìyẹn. Àkùkọ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá wa nílé ń wọ̀ ọ́, Leghorn ń wọ̀ ọ́, Dutch ń wọ̀ ọ́, Phoenix ń wọ̀ ọ́, Old English Game náà ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀, ibi tó bá wù ú ló máa parí sí. Ẹsẹ̀ àti orí kì í yí padà bẹ́ẹ̀.

6. Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́

Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ ti bantam nìkan, American Bantam Association, ABA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1914. Bí wọ́n ṣe ń to ẹyẹ níbi ìfihàn ni mo yá lò. Wọ́n ya àwọn Game, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń sin fún ìjà àkùkọ láyé àtijọ́, sọ́tọ̀. Àwọn tó kù, ìbéèrè méjì ni wọ́n fi pín wọn: ṣé ìyẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Bí kò bá sí, irú ogbe wo ló ní? Ẹlẹ́sẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀wọ́ kan. Ẹlẹ́sẹ̀ lásán pín sí mẹ́ta: ológbe ẹyọ kan, ológbe pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní rose, àti àwọn tí ogbe wọn yàtọ̀ sí méjèèjì.

Ìbéèrè méjì yẹn péré ló pín àkùkọ mẹ́rin sí ọ̀nà mẹ́rin. Mo ti ń fi àwọ̀ wá wọn kiri láti ọjọ́ yìí wá o.

7. Búlúù

Òun ló rọrùn jù. Lọ́jọ́ tí a gbé e délé ni irun wẹ́wẹ́ ti wà lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ti fi Cochin pè é lọ́kàn mi, nítorí Cochin ni ẹlẹ́sẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀. Irùngbọ̀n ló já orúkọ náà. Cochin kì í ní irùngbọ̀n, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ìdí rẹ̀ wú, àgbà akọ rẹ̀ sì máa ń tó 907 gíráàmù.

Nínú àwọn tí ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n sì ní irùngbọ̀n, Faverolles àti Silkie onírùngbọ̀n ní ìka márùn-ún. Búlúù ní mẹ́rin. Brahma ní ogbe onílà mẹ́ta, ti Búlúù jẹ́ ẹyọ kan. Booted Bantam jọ ọ́ gan-an, títí kan ìyẹ́ gbọọrọ ẹ̀yìn oríkèé, àmọ́ kò ní irùngbọ̀n. D'Anvers nírùngbọ̀n, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Ẹyọ kan ló kù: Bearded d'Uccle, tí Michel van Gelder mú jáde ní Uccle, lẹ́bàá Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó wo àwọ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ pupa bí erùpẹ̀ ilẹ̀ wa, ìlà dúdú kan kọjá nítòsí ẹnu ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, àmì funfun kékeré sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Mille Fleur ni wọ́n ń pe àwọ̀ yìí. Nígbà tó wà ní kékeré, àmì funfun yẹn ò tó nǹkan; bó bá ṣe ń pààrọ̀ ìyẹ́ lọ́dọọdún ni funfun á máa pọ̀ sí i. Ìwọ̀n tí ABA fi lélẹ̀ fún àgbà akọ d'Uccle jẹ́ nǹkan bí 737 gíráàmù, ti Búlúù sì jẹ́ 710 kó tó pé ọdún. Ó bá a mu.

8. Pupa

Ológbe ẹyọ kan, ẹsẹ̀ lásán. Dutch ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí ó kéré, ó sì yára. Ẹran etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ti Dutch máa ń funfun, ti Pupa pọ́n. Ẹsẹ̀ Dutch ní àwọ̀ eérú, ti Pupa funfun. Akọ Dutch kì í sì wúwo tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 550 gíráàmù ni. Leghorn ní etí funfun àti ẹsẹ̀ pupa rúsúrúsú, ogbe rẹ̀ sì ga jù. Phoenix ní etí funfun, ìrù rẹ̀ á sì ti máa wọ́lẹ̀.

Ohun tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá gbé Búlúù, ìka yín á rì sínú ìyẹ́ kó tó kan ẹran. Bí ẹ bá gbé Pupa, ẹ ti kan ẹran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: àyà gbòòrò, ejìká tó yọ síwájú, ara tó le pọ́n-ún. Irú ìyẹ́ líle bẹ́ẹ̀, ti àwọn Game ni. Old English Game bantam, aláyà dúdú ẹ̀yìn pupa. Ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún àgbà akọ jẹ́ 680 gíráàmù, fún ọ̀dọ́ akọ 624. Òun wà láàárín.

9. Funfun

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun ló sì gba àkókò jù. Ológbe rose, ẹlẹ́sẹ̀ lásán. Ìyẹ́ kan bọ́ lára rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí bébà. Àárín rẹ̀ jẹ́ wúrà láìsí àbàwọ́n. Ìlà dúdú kan tó ń dán bíi ti ewé ọdán tí òjò rọ̀ sí yí gbogbo etí rẹ̀ ká, ìbú kan náà ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ẹnu. Ẹnu rẹ̀ rí roboto. Ìyẹ́ ìbàdí sì ni o, níbi tó yẹ kí ti àkùkọ ti ṣe ṣóńṣó.

Bantam méjì ló wọ́pọ̀ tó ní ogbe rose pẹ̀lú irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára wúrà: Wyandotte àti Sebright. Bí mo ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ rèé. Ẹsẹ̀ Wyandotte pupa rúsúrúsú, ti Funfun ní àwọ̀ eérú. Ṣóńṣó ogbe Wyandotte máa ń tẹ̀ lé orí lọ sísàlẹ̀ sí ọrùn, ti Funfun nà tààrà sẹ́yìn. Wyandotte sanra rọ̀bọ̀tọ̀, Funfun gbé àyà síwájú, ó sì rọ ìyẹ́ apá sílẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú, pupa tó ń lọ sí elése àlùkò. Lékè gbogbo rẹ̀, akọ Wyandotte máa ń ní ìyẹ́ àkùkọ, ìrù rẹ̀ á sì tẹ̀ kọdọrọ.

Akọ Sebright kì í ní in. Bí ti abo ni ìyẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹ̀yà náà sílẹ̀. Sir John Saunders Sebright, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú lọ́dún 1846, ló ṣe é, ìrísí yìí gan-an ló sì ń wá. Awọ ara akọ Sebright ló ń sọ èròjà akọ inú ẹ̀jẹ̀ di ti abo, ìyẹ́ á wá hù bíi ti abo. Ní nǹkan bí ọdún 1919, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, Thomas Hunt Morgan, tẹ àwọn akọ Sebright lọ́dàá; ìyẹ́ tó hù lára wọn lẹ́yìn náà di ti àkùkọ pátápátá, ìrù gígùn àti gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bú ara yín bí Sebright bá tàn yín jẹ. Ogbe ni kẹ́ ẹ wò: ti akọ máa ń tóbi ju ti abo lọ, ó sì máa ń yára pọ́n.

Àgbà akọ rẹ̀ jẹ́ 624 gíráàmù ní òdiwọ̀n. 600 ni Funfun. Àwọ̀ méjì tí wọ́n mọ̀ jù ni wúrà àti fàdákà. Golden Sebright ni tiwa.

10. Ìyeyè

Ogbe onílà mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ oníyẹ̀ẹ́, kò sí ìrù tó gùn púpọ̀. Mo ti ń kọ "Ameraucana", ẹ̀yà kan tó ń yé ẹyin búlúù, sínú ìwé. Ìwọ̀n rẹ̀ ò jìnnà: 850 gíráàmù ni wọ́n fi lélẹ̀ fún àgbà akọ, ti Ìyeyè jẹ́ 860. Ẹni tó bá ní Ameraucana gidi láti tà, wọn kì í pẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá àgbà kan tó ti ń mú bantam lọ síbi ìfihàn tipẹ́ ni mo fi fọ́tò rẹ̀ hàn. Wọn ò tilẹ̀ wo orí. Wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ hàn wọ́n, kí n sì yí àtẹ́lẹsẹ̀ síta. Bí wọ́n ti rí i, wọ́n ní kí n pa ohun tí mo kọ rẹ́.

Ìpele méjì ni àwọ̀ ẹsẹ̀ adìẹ ní, òkè àti abẹ́. Bí abẹ́ bá ṣú, tí òkè sì funfun, eérú ni ojú máa rí. Bí abẹ́ bá ṣú, tí òkè sì pupa rúsúrúsú, àwọ̀ ewé ló máa jáde. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń tú àṣírí ìpele òkè, nítorí abẹ́ kì í sábà ṣú níbẹ̀. Ẹsẹ̀ eérú ni Ameraucana gbọ́dọ̀ ní, àwọ̀ ìyẹ́ tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí sì ni ó gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹsẹ̀ ewé ni Ìyeyè ní, ìyẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ àdàlù pupa, eérú àti funfun tí ẹnikẹ́ni ò fún lórúkọ. Easter Egger ni wọ́n ń pè é: àdàlù tó jogún ogbe àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ àwọn adìẹ tó ń yé ẹyin búlúù. Kò ní ẹ̀yà. Ìdáhùn gidi ni ìyẹn náà, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

11. Ibi tí wọ́n lọ, àti owó

Funfun ló kọ́kọ́ rí ilé. Ẹni tó rà á ń sin Sebright, dọ́là 25 ló san, ó sì bèèrè bóyá a ti ṣe àyẹ̀wò àrùn pullorum fún wọn, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹyẹ wọlé ìfihàn láìsí ìwé rẹ̀. A ò tíì ṣe é. Ó ní òun á ya Funfun sọ́tọ̀ kúrò lára tòun títí àyẹ̀wò á fi parí, èyí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ra ẹyẹ máa ṣe.

Búlúù lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní abo d'Uccle mẹ́ta, dọ́là 20.

Ti Pupa le. Àwọn tó kọ́kọ́ pè, ìbéèrè wọn ò mọ́: ṣé ó máa ń jà? Ṣé a ti gé ogbe rẹ̀? Ìjà àkùkọ lòdì sófin ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ní Amẹ́ríkà, Louisiana ló fòfin dè é kẹ́yìn, lọ́dún 2008, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é ò tíì tán. Ẹni tó bá ń ta Game, kó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, kó sì lọ wo ibi tí ẹyẹ máa gbé. Dọ́là 10 ni mo gbà lọ́wọ́ ìdílé kan tí ọmọbìnrin wọn ń sin bantam fún ìfihàn iléèwé; mo lọ rí ilé adìẹ wọn kí n tó gbé e fún wọn.

Ìyeyè, ọ̀fẹ́ ni. Màámi ní ká kúkú fi se ọbẹ̀, mo ní ẹran ara rẹ̀ ò lè tó àwo kan. Àgbẹ̀ kan gbà á, nítorí apilẹ̀ àbùdá ogbe onílà mẹ́ta àti ti ẹyin búlúù wà nítòsí ara wọn, wọ́n sì sábà máa ń bá ara wọn rìn. Ó fẹ́ fi gun àwọn abo rẹ̀ tó ń yé ẹyin funfun, kó wo ohun tó máa jáde.

Òròmọdìẹ, dọ́là 26.94. Òrùka, 6.50. Tọ́ọ̀ṣì, 11. Àpapọ̀ 44.44, láìka oúnjẹ. Ohun tó wọlé, dọ́là 55. Abo méjì tó kù, Cochin dúdú kan àti d'Uccle kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Bí a bá tún máa ra bantam, abo tó ti dàgbà la máa rà, lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ẹ̀yà kan ṣoṣo, èmi náà á sì ti yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ síta wò kí n tó sanwó.